Omi ti gbẹ nílẹ̀, kò tíì gbẹ lára ògiri

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ló pé ọdún kan gééré tí dáàmù Alau já, tí omi rẹ̀ ya wọ ìlú Maiduguri. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni. Ẹ̀mí tó lé ní 30 ló bá a lọ. Àwọn àjọ ìrànwọ́ ní àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ju 400,000 lọ. Omi wọ ààfin Shehu, ó wọ ilé ìwòsàn yunifásítì, ó wọ Gwange, Bulabulin, Customs, Gamboru àti Post Office. Monday Market tí iná jó ní oṣù kejì ọdún 2023, tí àwa ọlọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú láti dìde níbẹ̀, omi tún wọ ọ́. Àwọn àgbà ìlú rántí omi ọdún 1994, wọ́n ní láti ìgbà náà àwọn ò tún rí irú rẹ̀ mọ́.

Ìròyìn omi náà, ẹ ti gbọ́ ọ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe òun ni mo fẹ́ tún sọ. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn ti lọ tán ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá dé àdúgbò tí omi wọ̀ lónìí, ẹ ó rí ilé tí wọ́n kùn lọ́dà tuntun, ẹ ó sì sọ pé a dúpẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ wá wọ inú yàrá. Ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé fún wákàtí kan, kí ẹ wá fa èémí sínú. Òórùn tí ẹ máa gbọ́ yẹn, bí ìgbà tí èèyàn ṣí àpótí tí wọ́n ti aṣọ tutù mọ́, òun ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ògiri ti bu.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé, ṣé èyí náà ni ìròyìn? Ilé tó bu, ẹ fọ̀ ọ́ kó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí láti ọdún kan yìí ni pé púpọ̀ nínú owó tí ẹgbẹ́ wa, ẹbí wa àti àwa fúnra wa ná lẹ́yìn omi yẹn ló ṣòfò, torí pé a ná an kí ògiri tó gbẹ. Kì í ṣe pé a ò láàánú ara wa. A ò mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú ni. Òjò ọdún tó ń bọ̀ kò sì ní dúró dè wá.

Kí ló ń hu lára ògiri?

Gbogbo wa la mọ búrẹ́dì tó bu. Ẹ di búrẹ́dì mọ́ inú náílọ̀n, tó bá yá, ẹ ó rí nǹkan dúdú tàbí aláwọ̀ ewé tó rí bí irun lára rẹ̀. Irú nǹkan yẹn náà ló ń hu lára ògiri, lára àjà, lábẹ́ fóòmù àti lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn dókítà ń pè é ní fúngọ́ọ̀sì. Ìbátan olú ni. Irúgbìn rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i, inú afẹ́fẹ́ ló sì wà níbi gbogbo, nílé olówó àti nílé tálákà. Kò sí bí a ṣe lè lé e tán. Ohun tó ń wá kò ju oúnjẹ àti omi lọ. Oúnjẹ rẹ̀ ni páálí, pákó, aṣọ, awọ, àti eruku lásán. Kò sí ilé tí kò ní wọn. Omi nìkan la lè fi dù ú.

Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi máa ń sọ pé wákàtí 24 sí 48 ni èèyàn ní. Ohun tó bá tutù tí kò gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ gbà pé nǹkan ti ń hu nínú rẹ̀, bí ojú kò tilẹ̀ tíì rí i. Ní Maiduguri, omi jókòó sínú àwọn ilé mìíràn fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó fà. Nígbà tí a fi máa padà délé, ọjọ́ méjì yẹn ti kọjá tipẹ́.

Ohun kejì ni pé ògiri wa máa ń mu omi. Ẹ da omi sílẹ̀, kí ẹ ti etí aṣọ bọ̀ ọ́, ẹ ó rí i pé omi máa gun aṣọ náà lọ sókè. Bí búlọ́ọ̀kù ṣe ń ṣe nìyẹn, bíríkì alámọ̀ tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó dé orúnkún nínú yàrá lè jẹ́ kí ògiri tutù dé ìbàdí. Ilà tí omi fi sílẹ̀ kọ́ ni ibi tí ọ̀rinrin parí sí.

Ẹ sì rántí pé omi yẹn kì í ṣe omi òjò lásán. Ó ti gba inú ṣálángá, sọ́kàwéè àti gọ́tà kọjá kó tó wọ yàrá wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Borno kéde pé kọ́lẹ́rà ti wọ̀lú. Nítorí náà, ohun tí omi náà bá rin, ẹ má ṣe wò ó bí ohun tí òjò kàn pa.

Ọ̀dà kì í ṣe oògùn

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Yàrá méjì ni mo háyà. Omi mù mí dé ìbàdí nínú rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí omi fà, onílé mi, èèyàn jẹ́jẹ́ tí a ti jọ wà ní àlàáfíà láti ọdún mẹ́jọ, mú pẹ́ńtà wá. Wọ́n fi ọ̀dà tó ń dán kun gbogbo ilé. Ó dára lójú. Inú mi dùn, mo kó ìyàwó àti àwọn ọmọ mi mẹ́ta padà wọlé, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé.

Kí oṣù kọkànlá tó parí, ọ̀dà náà ti ń lé ròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, omi jáde. Nígbà tí mo sún kọ́bọ́ọ̀dù, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú láti ilẹ̀ títí dé àyà mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ògiri mu omi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò tíì rí i tú jáde, a wá fi ọ̀dà dí i lẹ́nu. Omi tó yẹ kó gba ojú ògiri bọ́ sínú afẹ́fẹ́ kò rọ́nà mọ́, ó wá dúró sẹ́yìn ọ̀dà níbi tí kò sí oòrùn tí kò sí atẹ́gùn. Àwọn tó tún fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ tó ṣì tutù, tiwọn burú ju tèmi lọ. Amọ̀ inú ń rọ̀, sìmẹ́ǹtì ìta ń ṣí kúrò ní abala-abala.

Bíríkìlà àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ló kọ́ mi ní ọgbọ́n méjì. Mo wá ń sọ ọ́ fún yín torí kò ná èèyàn lówó.

Èyí àkọ́kọ́: ẹ gé náílọ̀n tí èèyàn lè rí òdì kejì rẹ̀, kó fẹ̀ tó ìwé tí a ṣí sílẹ̀. Ẹ fi sẹ́lótéépù lẹ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri kí afẹ́fẹ́ má baà wọ̀ ọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí ìkán omi tàbí ìrì nínú náílọ̀n náà, ògiri ṣì tutù. Ẹ má kùn ún, ẹ má rẹ́ ẹ.

Èkejì: bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí ẹlùbọ́ lára ògiri, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i. Bó bá yọ́ mọ́ omi, iyọ̀ tó ti inú ilẹ̀ àti sìmẹ́ǹtì jáde ni. Kì í ṣe fúngọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún yín pé omi ṣì ń gba inú ògiri jáde. Bí kò bá yọ́, tó kàn rin tó sì lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó ti bu.

Àyà àwọn ọmọ

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìwé ìlànà kan jáde ní ọdún 2009 lórí ọ̀rinrin àti fúngọ́ọ̀sì inú ilé. Kókó rẹ̀ ni pé àwọn tó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ń wúkọ́ ju ẹlòmíràn lọ, àyà wọn ń dún, ásímà sì ń mú wọn jù. Imú a máa dí, ojú a máa yún èèyàn. Àwọn ọmọdé, àwọn àgbàlagbà, àwọn tó ti ní ásímà tẹ́lẹ̀, àti àwọn tí àìsàn mìíràn ti gba agbára ara wọn, àwọn ló ń fojú winá rẹ̀ jù.

Ọmọbìnrin mi àbígbẹ̀yìn, ọmọ ọdún mẹ́rin, wúkọ́ láti oṣù kejìlá wọ oṣù kìíní. A sọ pé ọyẹ́ ni. A ra oògùn ikọ́, a ra oògùn ibà. Nígbà tí ìyàwó mi gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Jos fún ọ̀sẹ̀ méjì, ikọ́ náà lọ. Ọjọ́ kẹta tó padà wọ yàrá, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló bi mí pé, “Bàbá, ṣé omi wọ ilé yín?” Ìbéèrè yẹn ló là mí lójú. Mi ò sọ pé gbogbo ikọ́ ni ti ògiri o. Ikọ́ tó bá ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò, torí ó lè jẹ́ TB. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ fún un pé omi wọ ilé yín. Ọ̀pọ̀ wa kì í sọ ọ́.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwa tálákà Nàìjíríà nìkan ni. Ní ìlú Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún méjì kan tó ń jẹ́ Awaab Ishak, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Sudan, kú ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Ní oṣù kọkànlá 2022, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé fúngọ́ọ̀sì inú ilé tí wọ́n háyà ló ba ọ̀nà èémí ọmọ náà jẹ́ tó fi kú. Láti 2017 ni bàbá rẹ̀ ti ń fẹjọ́ sùn. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé kó kùn ún lọ́dà. Wọ́n tún ka ẹ̀bi sí bí ìdílé náà ṣe ń gbé inú ilé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ náà pè, kí àwọn tó ń háyà ilé aráàlú má baà lè fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ falẹ̀ mọ́.

Àlejò ni wọ́n, ayálégbé ni wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n kùn ún lọ́dà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní Kano, ní Kaduna, ní Makurdi, ẹ sọ fún mi bóyá ẹ ò mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Èwo ló yẹ kó ṣáájú?

Àkọ́kọ́, ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Ilà omi lára ògiri, ẹrù tó bàjẹ́, àjà tó wó. Ẹ óò rí ìwúlò rẹ̀ níwájú.

Èkejì, ẹ kó ohun tó mu omi síta: fóòmù, kápẹ́ẹ̀tì, tìmùtìmù àga, páálí, pákó àjà tó ti wú. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Mo wo fóòmù tí mo rà lówó gọbọi, mi ò lè dá a nù, mo sá a sóòrùn fún ọjọ́ márùn-ún. Ojú rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ kò gbẹ. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fọ inú fóòmù. Irin, ike, gíláàsì, abọ́ àti táìlì, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n dáadáa, wọ́n á ṣeé lò. Aṣọ, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a kó gbẹ kanlẹ̀. Bí ilé yín bá jẹ́ ti àtijọ́ tí àjà rẹ̀ sì jẹ́ asbestos, ẹ má ṣe fọ́ ọ ní gbígbẹ, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ. Ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ tú u ní odindi, torí eruku rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gba inú ilé kọjá. Ẹ ṣí fèrèsé ìhà méjèèjì. Bí iná bá wà, ẹ gbé fáànù sójú fèrèsé kan kó kọjú síta, kó máa fẹ́ ọ̀rinrin jáde. Ẹ fa gbogbo ẹrù kúrò lára ògiri. Sìmẹ́ǹtì tó bá ti rọ̀ tàbí tó ń ró kókó bí òfìfo, ẹ ní kí bíríkìlà gbẹ́ ẹ kúrò kí inú ògiri lè mí. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ilé tàbí kọ́rídọ̀, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èéfín rẹ̀ ń pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun.

Ẹ̀kẹrin, fífọ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ kúrò nílé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ìbòmú N95 bí ẹ bá rí i rà. Èyí tí a fi aṣọ rán kò fi bẹ́ẹ̀ dènà rẹ̀. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha ibi tó bu, torí ṣe ni ẹ máa fọ́n irúgbìn rẹ̀ ká gbogbo ilé. Ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi sí i, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ lè lo Hypo sí ilẹ̀ àti táìlì, kó má ju ife kan sí gálọ́ọ̀nù omi kan. Ẹ má po Hypo mọ́ ásíìdì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ọṣẹ olómi mìíràn. Òórùn tó máa jáde níbẹ̀ lè gbé èèyàn ṣubú. Ẹ sì mọ̀ pé Hypo kì í wọnú ògiri tàbí pákó lọ jìnnà. Ó lè sọ ojú rẹ̀ di funfun, kí gbòǹgbò inú máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìkarùn-ún ni ó le jù: ẹ dúró. Ẹ máa lẹ náílọ̀n yẹn mọ́ ògiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá rí ìrì mọ́ ni ẹ tó lè pe pẹ́ńtà, ọ̀dà olómi lásán ni kó sì lò, kì í ṣe èyí tó ń dán.

Ọyẹ́ dé, a ti fèrèsé

Àwa tí a wà ní Borno, Ọlọ́run fún wa ní ohun tó ń gbẹ ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Òjò wa máa ń dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ọyẹ́ dé. Afẹ́fẹ́ tó ń mú kí ètè wa là, tó ń jẹ́ kí gìsẹ̀ wa sán, òun kan náà ló ń fa omi jáde lára ògiri. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí la wá ń ṣe ní àsìkò yẹn? A ti gbogbo fèrèsé pa. Eruku pọ̀, òtútù mú lóru, ẹ̀rù olè ń bà wá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Yàrá tó tutù, èèyàn márùn-ún ń sùn nínú rẹ̀, a ti í pa láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Bí a ṣe ń sọ́ omi mọ́ ara wa lọ́rùn nìyẹn. Ohun tó yẹ ni pé kí a ṣí ilé láti agogo mọ́kànlá sí mẹ́rin ọ̀sán nígbà tí oòrùn mú, kí a nu eruku nírọ̀lẹ́, kí a tó tì í. Eruku ṣeé nù. Ògiri tó bu kò ṣeé nù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Port Harcourt, Warri, Yenagoa àti Calabar, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Òjò yín kì í tètè lọ, afẹ́fẹ́ yín tutù fúnra rẹ̀. Ẹ ò ní ọyẹ́ tó lágbára tí ẹ lè gbára lé. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ dá ohun púpọ̀ nù ju tiwa lọ, kí ẹ sì gbẹ́ sìmẹ́ǹtì ara ògiri kúrò kíákíá. Ẹ̀yin tí ẹ rí omi 2012 àti 2022 ní Lokoja, tí omi ọdún 2022 jókòó sí àwọn àdúgbò kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju èmi lọ. Ní Mokwa, ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, omi pa ju 150 èèyàn lọ. Àwọn tó sì ṣẹ́kù níbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni omi bá wọn, kì í ṣe ìparí rẹ̀. Oṣù bíi márùn-ún ni òjò fi ń rọ̀ sí ògiri wọn kí ọyẹ́ tó dé.

Ta ló máa san án?

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ibi tí ògiri àwa àlejò ti lanu ni ìwé àdéhùn ilé. Ọdún kan tàbí méjì la ti san sílẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ohunkóhun sínú ìwé náà nípa omi. Bí omi bá dé, ayálégbé ń wo onílé, onílé ń wo ìjọba. Àwa ní tiwa, a máa ń dákẹ́. À ń sọ pé, ìlú onílùú la wà, kí wọ́n má baà ní kí a kó jáde, kí wọ́n má baà sọ pé Yorùbá fẹ́ràn ẹjọ́. A dákẹ́, a fi owó tiwa kun ọ̀dà lé ọ̀dà.

Èmi náà fẹ́ dákẹ́. Ìyàwó mi ni kò gbà. Mo mú fọ́tò inú fóònù mi, mo bẹ àgbààgbà méjì nínú ẹgbẹ́, a lọ bá onílé, àwa àti òun jọ lọ sọ́dọ̀ bulama. A ò bá a jà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé ti wó, pé owó ọ̀dà yẹn gan-an, ó yá a ni. Ó rò pé oore lòun ṣe fún mi. Bulama gbọ́ tẹnu wa méjèèjì. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé èmi ni máa san owó bíríkìlà tó máa gbẹ́ ògiri, òun á yọ ọ́ nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀, òun á sì fún mi ní yàrá kan ní ẹ̀yìn ilé kí tèmi fi gbẹ. A kọ ọ́ sílẹ̀ ní Hausa àti ní Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wa fọwọ́ sí i. A gbẹ́ ògiri dé àyà nínú oṣù kìíní. A fi í sílẹ̀ fún ọyẹ́. Ìparí oṣù kẹta la tó rẹ́ ẹ. Ọmọ mi kò wúkọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, títí di òní tí mo ń kọ èyí.

Mi ò ní gbogbo onílé ló máa gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tó mú tèmi dára: fọ́tò wà, àgbà wà, bulama wà, ìwé wà. Ẹjọ́ ẹnu lásán kì í jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ san owó ilé tuntun, kó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n kọ gbólóhùn kan sí i: bí omi bá wọlé, ta ló ń gbẹ́ ògiri, ta ló ń yọ owó.

Ọjà tó bu

Ó yẹ kí n sọ ti àwa ọlọ́jà náà. Ìdì aṣọ 14 ló tutù mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fọ èyí tó ṣeé fọ̀, mo tà á ní ẹ̀dínwó, mo sì sọ fún oníbàárà pé omi rin ín. Ìdì márùn-ún tó ti tò dúdú, mo sun ún. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo rí fóòmù tí omi rin tí wọ́n sá, tí wọ́n rán aṣọ tuntun bò, tí wọ́n sì tún gbé wá sójú ọjà. Ẹni tó rà á, ilé tí omi ò wọ̀ ló gbé e lọ. Ẹ tẹ fóòmù mọ́lẹ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Èyí tó burú jù ni ti oúnjẹ. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó bá ti bu, májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin lè wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń bàjẹ́. Oòrùn kò lè mú un kúrò, sísè kò lè mú un kúrò, lílọ̀ kò lè mú un kúrò. Ẹni tó bá sá a, tó lọ̀ ọ́, tó sì tà á, kó mọ ohun tó ń tà.

Ẹgbẹ́ wa ńkọ́?

Mo wà nínú ẹgbẹ́, nítorí náà ara mi ni mò ń bá wí. Lẹ́yìn omi, àwọn ará wa dáwó láti ìlú gbogbo. Ọ̀sẹ̀ kejì tí omi fà, a pín ìrẹsì, indómì, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti fóòmù tuntun. A ya fọ́tò. Ohun tó dára ni, ebi ò jẹ́ kí èèyàn ronú. Ṣùgbọ́n fóòmù tuntun yẹn, ilẹ̀ tó tutù la tẹ́ ẹ sí. Nínú ilé mẹ́jọ tí mo fẹsẹ̀ ara mi dé nínú oṣù kejìlá, fóòmù mẹ́fà ti dúdú lábẹ́. Oore wa ló di oúnjẹ fúngọ́ọ̀sì.

Àbá mi rèé. Kí ẹgbẹ́ pín ìrànwọ́ sí mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, oúnjẹ, omi mímu tó mọ́, ẹní ike tó ṣeé nù, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta, owó ibùgbé fún àwọn tó ní ọmọ kékeré tàbí ẹni tí ásímà ń yọ lẹ́nu, kí wọ́n lè kúrò nínú yàrá tó tutù. Owó bíríkìlà àti káfíńtà. Fáànù mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹgbẹ́ ní, tí a ó máa gbé láti ilé dé ilé. Ẹ̀yìn ìgbà tí ògiri bá gbẹ ni kí a tó ra fóòmù àti ọ̀dà. Owó kan náà ni, àsìkò rẹ̀ la yí padà.

Kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ inú ẹgbẹ́ náà sì ní ìgbìmọ̀ tiwọn. A ní bíríkìlà, a ní káfíńtà, a ní nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn omi ọdún 2024, kò sí ẹni tó pè wọ́n sí ìpàdé. Àwọn tó lówó la pè.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe lórí dáàmù Alau lọ́dún 2025. Ó dára, a ò fẹ́ kó tún já. Ṣùgbọ́n òjò lásán, gọ́tà tó dí àti òrùlé tó ń jò tó láti mú kí ògiri bu, ìyẹn ò sì dúró de dáàmù kankan. Ọyẹ́ máa tó dé báyìí. Ẹ̀yin tí ilé yín ṣì ń rùn, ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ lẹ náílọ̀n mọ́ ògiri lálẹ́ òní, kí ẹ wò ó láàárọ̀ ọ̀la. Bí ẹ bá rí ìrì, ẹ sọ fún pẹ́ńtà pé kó ṣì máa lọ ná.